Ìnṣá Allah Tí Kóòṣì Kò Sọ

Èmi ni mo jẹ̀bi ọ̀rọ̀ orúnkún Múnírù. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ ọ́n kí n tó sọ nǹkan mìíràn, nítorí ọdún mẹ́ta rèé tí ẹlòmíràn ti ń ru ẹ̀bi náà, kò sì jiyàn rí.

Ẹni náà ni Kóòṣì Mílò, ọmọ ilẹ̀ Sẹ́bíà. Èmi ni ògbufọ̀ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì kan ní Jẹ́dà. Òun á sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, èmi á sọ ọ́ ní Lárúbáwá. Àwọn agbábọ́ọ̀lù á fèsì ní Lárúbáwá, èmi á dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí bàbá mi kó wa wá sí Mẹ́kà, níbi tí bàbá ti ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin Ìsìláàmù ní yunifásítì, kíláàsì kẹsàn-án ni èmi sì dúró sí. Ẹnu àwọn dókítà tó máa ń tẹ̀ lé àwọn àlàájì wa wá láti Nàìjíríà ni mo ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní ọsibítù lásìkò Háájì.

Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ àṣà burúkú kan. Bí dókítà ilẹ̀ yìí bá ní, "Sọ fún ìyá yìí pé kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń ju òkò lu èṣù, ọkàn rẹ̀ ò gbé e," èmi á ní, "Àlàájà, dókítà ní kí ẹ rọra máa ṣe é o." Ìyá á gbàdúrà fún mi, wọ́n á sì gbéra. Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni mò ń hù.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́, Kóòṣì mú mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú gbọ̀ngàn eré, àwa méjì péré. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó ga débi pé ó máa ń tẹ orí ba kó tó wọ yàrá, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì máa ń wọ́ díẹ̀.

"Orílẹ̀-èdè márùn-ún ni mo ti ṣiṣẹ́," ó ní. "Ògbufọ̀ ló lé mi kúrò nínú méjì. Bí mo bá bú wọn, bá mi bú wọn. Bí mo bá dá àpárá tí kò pani lẹ́rìn-ín, má fi tìẹ kún un."

"Ó yé mi, sà."

"Ó ku ọ̀kan. Mo mọ Ìnṣá Allah. Ọ̀rọ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá sọ ọ́, má fi í sí mi lẹ́nu."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá ni mo mọ ohun tó ń sọ. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá ní òun á dé ní aago mẹ́rin, Ìnṣá Allah, Kóòṣì á bi mí pé, "Ńlá ni àbí kékeré?" Ńlá ni ti ẹni tó gbára lé Ọlọ́run, tó sì ti ń wá bàtà rẹ̀. Kékeré ni ti ẹni tí ojú ń tì láti sọ pé òun ò ní wá. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ náà fi ń fi í ṣe ara wọn ní yẹ̀yẹ́: "Yá Kábítéènì, tòní ńkọ́, ńlá ni àbí kékeré?" Kábítéènì ni wọ́n ń pe kóòṣì àti eléré níbẹ̀.

Inú mọ́tò rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn ayé rẹ̀. Obhur ló ń gbé, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn sí gbọ̀ngàn eré. Ní ìlú kékeré kan létí odò Dánúbù, bàbá rẹ̀ kan irin ẹnu àgbá mọ́ ògiri abà, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, orúkọ rẹ̀ ti ń jáde nínú ìwé ìròyìn. Orúnkún rẹ̀ wú. Kóòṣì rẹ̀ béèrè bóyá ó lè gbá a, ó ní òun lè gbá a.

"Irọ́ ni mo pa," ó ní, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí síárìn. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ní kí n sinmi. Mo kọ̀. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń sinmi."

Èmi ni mo mú Múnírù wá bá a. Ìyá rẹ̀, Àlàájà Síkírátù, ń rán abáyà ní Kakíyà, ní Mẹ́kà, ilé wọn àti tiwa fara kanra. Opó ni wọ́n, Múnírù nìkan ni ọmọ wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọmọ àjèjì tí wọ́n bí sí ilẹ̀ yìí, mo lọ bá wọn.

"Kí lorúkọ ọ̀gá yín náà?" Àlàájà bi mí.

"Mílò ni, mà."

"Èyí tí à ń pò mu?"

"Orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n nìyẹn, mà."

Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Sùlè, mi ò mọ ọkùnrin yẹn, mi ò gbédè rẹ̀. Ìwọ ni mo mọ̀. Ohunkóhun tó bá sọ nípa ọmọ mi, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìwọ ni mo fà á lé lọ́wọ́, kì í ṣe òun."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀, mà."

Múnírù fi Lárúbáwá pariwo láti inú yàrá pé ó ti tó, ká máa lọ: "Kàláásì, yá ummí, yálà!"

"Èwo ni kàláásì? Fi Yorùbá dá mi lóhùn."

Ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù. Láàrin sáà kan péré, òun ni àwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ wá wòran. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí a gbá ìdíje tó máa gbé wa dé àṣekágbá, orúnkún rẹ̀ wú. Ní ọjọ́ ìdíje gan-an, ibà dá Kóòṣì dùbúlẹ̀. Ó ní kí n wá sí Obhur. Ohùn rẹ̀ ti há, mo ní láti tẹ́tí sí ẹnu rẹ̀.

"Kí Múnírù wọ aṣọ ẹgbẹ́, kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kójú má bàa tì í. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wọlé. Kí wọ́n tilẹ̀ máa lù wá, kò gbọdọ̀ wọlé. Sọ ọ́ fún Hámádà bí mo ṣe sọ ọ́ yìí."

Hámádà ni igbákejì rẹ̀, ọmọ Íjíbítì, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn, Múnírù dúró tì í, ó ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Kóòṣì ní kí Múnírù wọ aṣọ." Ojú ọmọ náà tàn. Ibẹ̀ ni mo dá ọ̀rọ̀ náà dúró sí. Mo ní tó bá yá, n ó fa Hámádà sí kọ̀rọ̀ sọ ìyókù fún un. Mi ò fà á sí kọ̀rọ̀ kankan.

Nígbà tí eré ń parí lọ, tí wọ́n fi ojú àmì mẹ́rin ṣíwájú wa, Hámádà yíjú sí mi. "Kóòṣì gbà kó wọlé?"

Ó yẹ kí n ní, "Rárá, kò gbà." Múnírù ti ń bọ́ aṣọ òtútù tó wọ̀ sókè. Mo ní, "Ìnṣá Allah."

Kékeré ni mo sọ, ńlá ni Hámádà gbọ́. Mo sì mọ̀ pé ńlá ló máa gbọ́. Ohun tí mi ò lè bò nìyẹn: mo fi orúkọ Ọlọ́run bo ẹnu mi, kí n má bàa já ọmọ kan kulẹ̀ lójú èrò. Múnírù jù ú wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó fò lẹ́ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ kan ló fi balẹ̀, a sì gbọ́ ìró orúnkún rẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì.

Ní ọjọ́ kejì, Kóòṣì bi mí léèrè ohun tí mo sọ fún Hámádà. Mo sọ ọ́ láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ni," ó ní.

Ohun tó lọ sọ fún àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà nìyẹn: pé àṣẹ òun kò yéni tó. Wọ́n gba iṣẹ́ kóòṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Múnírù, Kóòṣì fẹ́ lọ kí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe Mùsùlùmí, kò lè wọ Mẹ́kà. Ó wà mí dé ibi tí àkọlé ti ń darí àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí sí ọ̀nà mìíràn, ó páàkì, ó gbé àpò ọsàn kan lé mi lọ́wọ́.

"Sọ fún ìyá rẹ̀ pé mo tọrọ àforíjì, èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá. Ìyókù, ọ̀rọ̀ tìẹ ni. Mi ò ní kọ́ ẹ ní ohun tí wàá sọ."

Mo wọ takisí. Àlàájà gba ọsàn náà, wọn ò wò ó. Mo jẹ́ iṣẹ́ Kóòṣì bó ṣe rán mi, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Mi ò túmọ̀ ọ̀rọ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Kó lọ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ni wọ́n wí. Wọ́n wá gbá orí mi mú. "Ìwọ, Sùlè, Ọlọ́run ò ní dójú tì ẹ́. Bí kì í bá ṣe tìẹ, ta ni ì bá wà lọ́hùn-ún fún ọmọ mi?"

Mo ní, "Àmín, mà."

Nígbà tí àwọn aláṣẹ mìíràn dé, wọ́n pe Kóòṣì padà, wọ́n fi í ṣe olùdarí eré. Òfin àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé agbábọ́ọ̀lù tí ara rẹ̀ ò dá kò gbọdọ̀ wọlé láìsí ìwé: kí dókítà bu ọwọ́ lù ú, kí kóòṣì bu ọwọ́ lù ú, kí a sì kà á fún àwọn òbí ní èdè tí wọ́n gbọ́. Wọ́n bá a jà. "Ìwé yìí ti pọ̀ jù, yá Kábítéènì." Ó ní, "Orúnkún ò pọ̀." Kò yẹ̀ títí wọ́n fi gbà. Èmi ni mò ń ka àwọn ìwé náà fún àwọn òbí. Bí ó bá jẹ́ "kò gbọdọ̀" ni wọ́n kọ, "kò gbọdọ̀" ni mò ń kà, bí ìyá tilẹ̀ ń sunkún lójú mi. Àpárá Kóòṣì náà, bó ṣe rí ni mò ń sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ti sọ fún Múnírù. Oṣù kan gbáko ni kò fi dáhùn ìkíni mi. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ wa ní bọ́ọ̀lù báyìí, kò lè fò mọ́. Ní ọjọ́ tó wá la ẹnu sí mi, Yorùbá ló sọ, èyí tí kì í sọ: "Mo ti gbọ́ tèmi. Màmá ni wọ́n fà mí lé ẹ lọ́wọ́. Lọ bá wọn."

Mo ti lọ bá wọn ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n máa ń gbé oúnjẹ fún mi, èyí tí mo jẹ kù wọ́n á dì í. "Má jẹ́ kí ọ̀gá yín tọ́ ọ wò o," wọ́n á sì wúre fún mi dé ẹnu ọ̀nà.

Ní oṣù tó kọjá, Kóòṣì bi mí bóyá ìyá náà ti gbọ́. Mo ní rárá. Kò tún béèrè mọ́.

Mo jẹ Àlàájà Síkírátù ní gbólóhùn kan. Kò gùn, kò sì nílò ògbufọ̀. Jímọ̀ tó ń bọ̀, n ó sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wá. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tíì sọ ọ́.