Òróró Lórí Irin Káráfáànù

Bí mo bá gbọ́ òórùn òróró ólífì lórí irin tó gbóná, ojú ọ̀nà Margate ni ọkàn mi máa ń lọ tààrà. Ẹlòmíràn á gbọ́ ọ, á rántí ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí kó rántí ẹyin díndín. Èmi o, afẹ́fẹ́ òkun ni mo máa ń rántí, àti ilé onítáyà kan tó ń jó lẹ́yìn mọ́tò mi bí ẹni tó mu ẹmu yó. Ìwọ tí a jọ dàgbà, fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òtítọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ ju irọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo fi mọ́tò ha òpó irin kan lọ́jọ́ tí mo fẹ́ wọ Woolwich Ferry, ọkọ̀ ojú omi tó máa ń gbé wa sọdá Thames. Èmi mọ̀ pé òpó yẹn ló sún síwájú, àmọ́ ta ló máa gbọ́ tèmi? Ọmọbìnrin mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, tó ń gbé ní Thamesmead, yà sí fláàtì wa ní Barnfield lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday. Kò tíì jókòó tó fi na ọwọ́ sí mi.

"Daddy, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ẹ ti pé seventy-six. Bọ́ọ̀sì wà, free ni fún yín."

"Bọ́ọ̀sì tí mo wà fún ọdún méjìdínlógún, ìdí rẹ̀ ni kí n lọ jókòó sí báyìí?"

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, àmọ́ kí n tó dé ìlú yìí, tírélà ni mo ń wà láti Apápá lọ sí Kano. Kò sí kòtò kan lójú ọ̀nà yẹn tí n kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Dókítà yẹ ojú mi wò lóṣù yẹn, ó ní ó dára. Kí wá ni? Mo ní kí ọmọ mi gbọ́ mi dáadáa. Màá gbé ìyá rẹ̀ yí etí òkun Kent ká fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, pẹ̀lú káráfáànù lẹ́yìn mọ́tò, ilé kékeré tó ní bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù nínú. Bí mo bá padà dé pẹ̀lú ibi kan ṣoṣo tó ha, kó gba kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá sí, kò gbọdọ̀ na ọwọ́ yẹn sí mi mọ́ láéláé.

Ó rẹ́rìn-ín. "One scratch, Daddy."

"Ọ̀kan péré."

Brother kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ń wa lọ́rì, ló yá mi ní káráfáànù rẹ̀. Nígbà tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń so ó mọ́ mọ́tò, ẹnu rẹ̀ ni mo ń wò, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tí mo ń fa kọ̀ntéńà kọjá lórí odò Ọya, kí ló fẹ́ kọ́ mi? Ọmọ mi ní tiẹ̀ fi fóònù ya fọ́tò gbogbo ara mọ́tò àti káráfáànù, iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́, bí ọlọ́pàá tó dé ibi tí wọ́n ti jalè.

Prayer warrior ni ìyàwó mi. Ìgò òróró ólífì tí pásítọ̀ gbàdúrà sí kì í jìnnà sí báàgì rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a gbéra, ó ta òróró sí táyà, ó ta á sí ilẹ̀kùn, ó fi pa iwájú orí mi títí ó fi ń ṣàn wọ ojú mi. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí irin róbótó tó yọ lẹ́yìn mọ́tò, èyí tí ẹnu káráfáànù máa ń gbé mì.

"Ibí yìí gan-an ni ohun tó so wá pọ̀ wà," ni ó wí, ó sì da òróró sí i dáadáa.

Àmín tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn, wọ́n gbọ́ ọ ní Shooters Hill kí a tó débẹ̀.

A ò kánjú rárá. Ní Faversham, a ra ápù lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan, mo sì ń jẹ ẹ́ títí ikùn mi fi ń dún bí ilù ọmọdé. Ní Whitstable, ìyàwó mi wo àwọn òyìnbó tó ń gbé ẹran inú ìkarahun mì ní tútù, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Daddy, ṣé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń gbé mì yẹn?" Ní Herne Bay, mo po gààrì, mo kọjú sí òkun, ẹyẹ funfun kan já puff-puff gbà lọ́wọ́ mi, ó fò lọ, ó sì tún padà wá bèèrè bóyá ó ku èyí tó ní ata. Nígbà tí a kúrò létí omi tí a wọ Canterbury, ìyàwó mi dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn, ó wo òkè títí gèlè rẹ̀ fi já bọ́. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣe iṣẹ́ cleaner. Ó ní, "Gbogbo èyí, ta ló ń gbá a?"

Láràárọ̀ tí a bá tún fẹ́ so káráfáànù mọ́ mọ́tò, á tún yọ ìgò. Nígbà tó fi di àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, irin yẹn ti mu òróró ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ.

Ọjọ́ karùn-ún yẹn la kọrí sí Margate. Ojú ọ̀nà ṣí gbayawu, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, tírélà gígùn kan sì sáré kọjá lára wa. Káráfáànù mì lẹ́ẹ̀kan. Ó tún mì. Kí n tó sọ pé kí ló dé, ó ti ń jó sọ́tùn-ún, ó ń jó sósì, ó fẹ́ yọjú sí mi lójú fèrèsé kó bi mí pé kí ló dé tí mo ń rọra wakọ̀. Ìyàwó mi ń pariwo, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Daddy, bíréèkì! Ẹ tẹ bíréèkì!"

N kò tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì nígbà tí ẹrù ń jó lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù yẹn ló máa ṣáájú rẹ̀ délé. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, mo di sítíárì mú gbọọrọ, n kò bá a jà, títí tí ijó náà fi rẹ̀ ẹ́. Mo rọra yà sí àyè ìsinmi kan létí ọ̀nà. Àtẹ́lẹwọ́ kan péré ló wà láàárín káráfáànù àti irin etí ọ̀nà nígbà tí a dúró. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi wọ̀n ọ́n.

Òyìnbó arúgbó kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ajá àti káráfáànù tirẹ̀. Ó wá, ó bá wa tú káráfáànù kúrò lára mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan irin róbótó náà tó ti gbóná, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ọ̀gá, òróró sàláàdì nìyí?"

"Òróró àdúrà ni," ni mo dá a lóhùn.

Ó wo ìyàwó mi, ó wo ojú ọ̀run, ó tún wo irin. Ó ṣàlàyé fún wa pé inú ẹnu káráfáànù yẹn, nǹkan kan wà tó ń di irin náà mú ṣinṣin bí ọwọ́, kí káráfáànù má baà jó. Ọwọ́ tó bá ti kan òróró kò lè di nǹkan mú.

Ojú ìyàwó mi ṣú. "Ṣé òróró mi ló fẹ́ pa wá?" Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ọmọ wa ni.

"Mummy, báwo ni? Scratch ti dé?"

Ìyàwó mi kì í purọ́. Mo rí i pé kọ́kọ́rọ́ mi ti ń lọ. Ó wo ara káráfáànù yíká. "Kò sí ibì kankan tó ha," ni ó wí. "Daddy yín ń bá òyìnbó kan tó ní ajá sọ̀rọ̀." Ó pa fóònù, ó gba sáńpépà àti àkísà lọ́wọ́ òyìnbó náà, ó kúnlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fọ̀ ọ́, ó ha inú ẹnu káráfáànù títí kò fi sí òórùn òróró mọ́.

"Òróró yẹn náà ló dá wa dúró o," ni ó ń wí.

"Òróró yẹn ló kọ́kọ́ pè wá síjó," ni mo fèsì.

Nígbà tí a padà sí Barnfield, ọmọ mi ti dúró síta pẹ̀lú fóònù. Ó yí gbogbo rẹ̀ ká, ó ń fi fọ́tò wé e. Kò rí nǹkan kan. Mo ti ń fi kọ́kọ́rọ́ náà jó lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó mi dìde. Ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kó sinmi. Ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: òróró, ijó, òyìnbó alájá. Ọmọ mi gbọ́ ọ tán, ojú rẹ̀ yí padà. Ó tún na ọwọ́.

"Daddy, ẹ̀ bá ti kú."

"Ká ní mo tẹ bíréèkì ni, à bá ti kú."

"Ẹ ò tẹ bíréèkì?"

Ìyàwó mi ló dá a lóhùn. "Èmi ni mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́ tèmi. Ọwọ́ rẹ̀ ló mú wa délé. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí i."

Ọmọ mi fi ọwọ́ tó nà náà nu ojú rẹ̀, ó sì tì í bọ àpò.

Kọ́kọ́rọ́ náà rèé lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ èyí. N kò sọ pé ó máa wà lọ́wọ́ mi títí ayé. Àmọ́ ohun tí ọ̀nà Margate fi yé mi ni pé ọwọ́ tó mọ ìgbà tí kò gbọdọ̀ bá ẹrù jà, òun náà ni yóò kọ́kọ́ mọ ọjọ́ tó yẹ kó fi sítíárì sílẹ̀. Èmi ni màá sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò ní na ọwọ́ gbà á. Ní báyìí, bí mo bá fẹ́ lọ ra iṣu lásán, ìyàwó mi ṣì máa ń sáré tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìgò rẹ̀. Orí mi nìkan ló ń ta á sí. Màá nu ojú mi, màá ṣe Àmín, màá sì ṣáná sí mọ́tò mi.