Wọn Kì í Pe Apẹja Padà

Láti ìparí oṣù kejì ọdún yẹn ni Lokela ti ń bọ́ ẹja tí kò pa. Láràárọ̀, kí oòrùn tó gun orí òkè Mauna Loa wá bá wa létí òkun, á gbé korobá elégédé àti kókò tó ti sè, tó sì ti gún pọ̀, á gba iwájú ilé Àǹtí Haliaka kọjá, á gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, á wá sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta dúdú lọ síbi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà. Gbogbo Hōnaele, abúlé wa, ló ń rí i. Kò sẹ́ni tó bi í pé níbo ló ń lọ.

Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti gbé àjẹ̀ lé èjìká, a kì í bi í níbi tó ń lọ, a kì í sì í dárúkọ ẹja sí i létí. Tó bá di dandan kéèyàn sọ nǹkan, a óò ní ó ń lọ gbatẹ́gùn. Tó bá sì ti wọnú ọkọ̀, wọn kì í pè é padà. Ẹja ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ làwọn bàbá wa sọ fún wa, ẹni tí wọ́n bá sì pè láti ẹ̀yìn, kó yáa ṣẹ́rí padà wálé, torí ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Àwọn àlejò tó ń wá wo òkè tó ń yọ iná máa ń fi èyí rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín wọn lọ. Àwa là ń gbé ibí.

Iṣẹ́ opelu kì í ṣe iṣẹ́ oníwàǹwára. Ẹja tín-ín-rín kan ni, ó sì ní ibi kan lójú òkun tí agbo rẹ̀ máa ń kóra jọ sí. Ibùjẹ là ń pè é. Oṣù márùn-ún gbáko lẹ ó fi máa gbé oúnjẹ lọ bá a níbẹ̀, ẹ ò ní mú ẹyọ kan, títí á fi mọ òjìji ọkọ̀ yín. Oúnjẹ ọ̀hún gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó hù nínú ilẹ̀. Ẹran tàbí ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kàn án, kí ẹja ńlá má baà gbọ́ òórùn rẹ̀ wá. Oṣù kẹjọ ni àwọ̀n tó ń wọ omi. Ẹni méjì ló sì ń ṣe é: ẹnì kan á fi àjẹ̀ di ọkọ̀ mú kí omi má gbé e lọ, ẹnì kejì á tẹ ojú mọ́ àpótí onígíláàsì tí wọ́n fi ń wo ìsàlẹ̀ omi, á sọ àwọ̀n sílẹ̀, á dúró kí agbo wọ̀ ọ́, á sì fà á sókè.

Ẹnì kan ṣoṣo ni Lokela.

Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Abúlé tí bàbá rẹ̀ ti wá kò sí mọ́. Mauna Loa, òkè tó ń yọ iná náà, da òkúta gbígbóná bò ó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ilé, kànga, igi àgbọn, gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ ibi táwọn ewúrẹ́ ń gbà kọjá báyìí. Ohun tí bàbá náà rí gbé sá ni ọkọ̀ kan, àti ìmọ̀ ibi tí ibùjẹ yẹn wà. Ó fi méjèèjì lé Lokela lọ́wọ́. Lokela fìgbà kan lọ sí ìlú ńlá Honolulu lọ ṣe bíríkìlà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, kò lò ju ọdún kan àti oṣù méjì lọ. Ó ní ariwo ibẹ̀ ò jẹ́ kóun gbọ́ èrò ara òun. Ó padà wá, ó fẹ́ Malaea, ọmọ ilé kejì sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fẹ́ àbúrò Malaea mọ́ ọn, ká kúkú sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí Pilipo, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin yìí, tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà, wọ iwájú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, kò sì jáde níbẹ̀ fún ọdún méjìdínlógójì.

Pilipo ló ń fi àjẹ̀ di ọkọ̀ mú, Lokela ló ń sọ àwọ̀n. Pilipo ló ń sọ̀rọ̀, Lokela ló ń dákẹ́. Orin ṣọ́ọ̀ṣì tí Pilipo ń kọ lójú omi burú débi pé Lokela máa ń sọ pé torí kí ẹja lè bọ́ lọ́wọ́ orin yẹn ló ṣe ń kó wọ àwọ̀n.

Ọdún kejì rèé tí ohun tó yà wọ́n ṣẹlẹ̀. Eékún ń dun Pilipo lọ́jọ́ náà, kò lè wọ ọkọ̀. Lokela lọ lóun nìkan, láti fún agbo lóúnjẹ lásán. Malaea ṣubú lẹ́bàá táǹkì omi òjò, Pilipo ló sì bá a nílẹ̀. Ọ̀nà tó ti òkè sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa tín-ín-rín, ó sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ò lè dé kí wákàtí kan tó pé. Malaea ń béèrè ọkọ rẹ̀. Pilipo fi eékún dídùn yẹn sáré dé orí àpáta tó yọrí sókun. Ó rí ọkọ̀ Lokela. Kò jìnnà, ibi tí ohùn lè dé ni. Ó la ẹnu. Ó sì pa á dé. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀, ó ń fì í sókè, ó ń fì í, àmọ́ Lokela ti tẹ ojú mọ́ àpótí, ẹja ló ń wò. Nígbà tí Lokela fi máa dé èbúté, àwọn èèyàn ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, wọ́n ti ṣí fìlà.

"Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í pe apẹja padà," ni Pilipo sọ létí ibojì, omi ń jáde lójú àti nímú rẹ̀. "Ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Ogójì ọdún lo fi ń pariwo sí mi létí," ni Lokela dá a lóhùn. "Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo nílò ohùn ẹ, o gbé e mì."

Látọjọ́ náà wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ogójì ilé péré la jẹ́ ní Hōnaele. Kí ẹni méjì máa yan ara wọn lódì níbẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni. Ọ̀kan á jókòó sápá ọ̀tún ní ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì á lọ sápá òsì. Ọ̀kan á rí èkejì lókèèrè, á rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Ta ló jẹ̀bi? Èmi ò lè sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ká ní Pilipo pè é lọ́jọ́ náà, kí Malaea sì dìde lẹ́yìn náà kó máa da ọkà fún adìẹ rẹ̀, àwa kan náà la ò bá máa sọ ọ́ kiri pé Pilipo ti fi ọ̀fun lé ẹja ibùjẹ lọ.

Ilé Lokela wá dákẹ́ débi pé ó ń gbọ́ tí ẹ̀kán omi bá kán sínú táǹkì. Kọ́ọ̀bù méjì ṣì ń kọ́ sára ògiri. Fún odindi ọdún kan, poi tí wọ́n fi kókò gún, èyí tó tó ẹni méjì, ló ń rà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ tó ń gbé e wá lọ́jọ́ Ẹtì, ìdajì á sì kan kọjá bó ṣe yẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Á jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni, àmọ́ àdáwà náà wọ̀ ọ́ lára, ó ń dùn ún, ó sì ń tijú pé ó ń dun òun.

Nohea, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé Las Vegas bíi ti ìdajì àwọn ọmọ wa, máa ń pè é lọ́jọ́ Àìkú.

"Dádì, ẹ wá bá wa gbé. Yàrá yín ti wà nílẹ̀."

"Kí ni mo fẹ́ máa bọ́ láàárín aṣálẹ̀? Alángbá?"

"Ta lẹ tún ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn, Dádì?"

"Ṣebí ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí."

Ìbéèrè yẹn ni kì í kúrò lọ́kàn rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé ikú Malaea, kò sẹ́ni tó bọ́ agbo náà. Àwọn ọlọ́kọ̀ ẹ́ńjìnnì kan láti ìhà àríwá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ibẹ̀, wọ́n ń da ẹran gígé sómi bó ṣe wù wọ́n. Lokela mọ̀ pé tí àwọ̀n òun ò bá wọ omi lọ́dún yìí, agbo á tú ká, ibùjẹ bàbá òun á sì parẹ́. Ìdí tó fi tún gbé korobá nìyẹn. Ohun tó ń retí ni kí ẹnì kan, ẹnikẹ́ni, jáde lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀ kó ní òun náà fẹ́ gbatẹ́gùn díẹ̀. Kò lè bẹ ẹnikẹ́ni, torí a kì í dárúkọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwa náà ò lè bi í, torí ìdí kan náà. Gbogbo bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un yẹn, òun rò pé a ti pa òun tì ni.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ àwọ̀n ni Àǹtí Haliaka pè é wá mu kọfí. Opó lòun náà, ó ń fi ewé hala hun fìlà níwájú ilé rẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lójú ọ̀nà.

"Ọ̀ńkù Lokela," ó ní, "elégédé tẹ́ ẹ ń sè látoṣù kejì yìí, ṣé ẹ lóyún ni?"

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n mu kọfí mi."

"Ẹ máa mu ún. Wọ́n ní atẹ́gùn ọ̀la á dáa." Ó fi eyín já ewé kan. "Ṣé ẹnì kan ṣoṣo ni atẹ́gùn ọ̀hún á fẹ́ sí?"

"Ẹnì kan náà ni."

"Ọkọ̀ yín gùn jù fún ẹnì kan."

"Ṣé ẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ ni?"

"Èmi! Pẹ̀lú ìdí mi yìí? Á rì kẹ́ ẹ tó gbé àjẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó gbé ojú kúrò lára fìlà. "Ẹnì kan wà tó máa ń jókòó sórí àpáta láràárọ̀ tẹ́ ẹ bá ti lọ. Tó bá rí i pé ẹ ti ṣẹ́rí padà, á dìde lọ sílé rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀?"

Lokela kò mọ̀. Ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí àpáta yẹn tó bá ń lọ. Ó gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀ láìmu ún tán.

"Àpáta kì í ṣe tèmi," ó ní, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó dá ọkọ̀ tì sómi, ó gbé àwọ̀n sí i, ó gbé korobá sí i. Àjẹ̀ méjì ló gbé, kò mọ ìdí. Òkun tẹ́jú pẹrẹsẹ. Àwọn dọ́fíìnì tó máa ń sùn nínú èbúté wa láàárọ̀ ń yọ, wọ́n ń rì padà, ó sì rọra wakọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tí igi àgbọn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì àti òkè pupa kékeré kan tó wà lẹ́yìn abúlé bọ́ sí ìlà kan náà lójú rẹ̀, ó mọ̀ pé òun ti dé. Ó da ẹ̀kúnwọ́ kan sómi, ó tẹ ojú mọ́ àpótí. Wọ́n wá. Wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n ń yí po lábẹ́ ọkọ̀ bí ọbẹ̀ tí wọ́n ń rò. Inú rẹ̀ dùn gan-an, ó gbé ojú sókè láti sọ ọ́ fún ẹnì kan. Àjẹ̀ kejì nìkan ló wà níwájú ọkọ̀.

Ó sọ àwọ̀n. Omi gbé ọkọ̀ lọ. Ó fi okùn sílẹ̀ kó lè gbá àjẹ̀ mú, àwọ̀n fẹ́ bọ́. Ó gbá okùn mú, ọkọ̀ tún lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́, inú sì ń bí i. Ló bá ṣe ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́dọ̀ wa mọ̀ pé wọn kì í ṣe: ó so okùn àwọ̀n mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè. Tí ẹja ńlá kan bá já lu àwọ̀n yẹn, ìsàlẹ̀ omi ni yóò wọ́ arúgbó gbà. Ó dìde dúró.

Ohùn kan la òkun kọjá.

"Ẹ̀gbọ́n o! Níbo lẹ ń lọ?"

Gbogbo abúlé ló gbọ́ ọ. Fìlà bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí Haliaka. Láyé tiwa, ẹnikẹ́ni ò tíì pariwo bẹ́ẹ̀ láti orí àpáta yẹn rí.

"Ẹ̀gbọ́n Lokela! Ṣé ẹja lẹ fẹ́ pa ni? Opelu ni àbí? Ẹ tú okùn yẹn! Ẹ máa bọ̀ nílé!"

Kò sí òfin kan nínú òfin wa tí Pilipo ò rú tán níbẹ̀.

Lokela dúró gbagidi. Kò wo ẹja mọ́. Ìbínú kọ́kọ́ ru sókè nínú rẹ̀, oṣù márùn-ún ló ń rò, lẹ́yìn náà ó mọ̀ pé orúkọ òun ni wọ́n ń pè. Ẹni tí wọ́n bá pè gbọ́dọ̀ padà. Ó tú okùn ìbàdí, ó fa àwọ̀n òfìfo wọlé, ó da gbogbo elégédé tó ṣẹ́ kù fún agbo, ó sì yí ọkọ̀. Nígbà náà ló tó rí Pilipo lórí àpáta, láìwọ ṣẹ́ẹ̀tì, ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tí Malaea kú.

Kó tó dé èbúté, Pilipo ti wọ omi dé itan.

"O ba ọjọ́ mi jẹ́," ni Lokela wí.

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Oṣù márùn-ún."

"Mo mọ̀. Èmi náà ń kà á."

Lokela jókòó sínú ọkọ̀ níbẹ̀, ó gbé àjẹ̀ lé itan rẹ̀.

"Ohùn ẹ dé ọ̀hún," ó wí níkẹyìn. "Ó dé ketekete."

Pilipo fi ṣẹ́ẹ̀tì bo ojú. Àwọn méjèèjì mọ ọjọ́ tí wọ́n ń sọ. Lokela náà sunkún, lójú gbogbo wa tá a jáde wá wòran, kò sì nu ojú rẹ̀.

Ó wá ju okùn iwájú ọkọ̀ sí Pilipo bó ṣe máa ń jù ú, wọ́n sì jọ fa ọkọ̀ gòkè. Nígbà tí wọ́n dé orí òkúta gbígbẹ, Lokela mú àjẹ̀ kejì, ó nà án sí i.

"Atẹ́gùn ọ̀la á ṣì dáa," ó ní. "Kó o kọrin."

Pilipo gba àjẹ̀, ó fẹ́ dá orin kan sílẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti há pátápátá látàrí igbe tó ké lórí àpáta.