Ọjọ́ Tí Mo Kọjú Gbohùngbohùn Mẹ́rin sí Ìyá Àwọn Ọmọ Mi

Mo rántí ìgbà tí mo fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn mẹ́rin lé jẹjẹrẹ jáde lọ́mú ìyàwó mi ní Kpakungu nílùú Minna, tí àwọn dókítà ilẹ̀ òkèèrè sì wá kúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n gba àwọn bí ọmọ iṣẹ́. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó ní sùúrù.

Nígbà yẹn, kò sí mọ́sáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì kan láti Sabon Gari dé Dutsen Kura tí mi ò tíì gun òrùlé rẹ̀ tún gbohùngbohùn ṣe. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ohùn bá jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, mo mọ ibi tó ń lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹnu mi fi gùn lọ́jọ́ tí a lọ sílé ìwòsàn, lẹ́yìn tí ìyá àwọn ọmọ mi fọwọ́ kan kókó kan lọ́mú òsì nígbà tó ń wẹ̀. Obìnrin ni dókítà, ọmọ Èkìtì. Ó da nǹkan tútù sí i láyà, ó ń fi ẹ̀rọ kékeré kan ra á lára, àwòrán sì ń yọ. Ó ní ìró ló ń ya àwòrán náà. Mo ti fi òwú di etí mi méjèèjì sílẹ̀ nítorí ariwo ẹ̀rọ. Mo yọ ọ́, n ò gbọ́ nǹkan kan.

"Dókítà, ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́. Kò dún."

"Bàbá, ìró yìí kọjá ohun tí etí èèyàn lè gbọ́."

"Haba! Etí tèmi náà?"

Ìyàwó mi gbórí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe mí."

Jẹjẹrẹ ni. Ó ṣì kéré, iṣẹ́ abẹ ló sì kàn, kíákíá. Ìyàwó mi ní òun ò gba ọ̀bẹ. Bóyá àánú ló ṣe dókítà, ó sọ fún wa pé lókè òkun, wọ́n ti ń kó ìró jọ láti ọ̀nà púpọ̀ sójú kan ṣoṣo: wọ́n á máa wo kókó náà nínú àwòrán, ìró náà á sì jó o nínú lọ́hùn-ún, láìgé awọ ara.

"Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń dán an wò fún ti ọmú, Màmá. Kò sí níbí. Ẹ má dúró dè é o."

Ìyàwó mi délé, ó ní òun á dúró dè é títí yóò fi dé Minna. Àwọn ọmọ bẹ̀ ẹ́, alfa àdúgbò bẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kókó náà ń tóbi sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo kó gbohùngbohùn mẹ́rin jáde sí àgbàlá, mo gbé àga sáàárín, mo kọjú gbogbo wọn sí i.

"Wá jókòó. Ẹ̀rọ ti dé Minna."

Ó bú sẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. "Kai! Bàbá yìí, ẹ ó pa mí kí jẹjẹrẹ tó pa mí! Bó bá jẹ́ ẹ̀yin àti ọ̀bẹ, ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀bẹ."

A padà sílé ìwòsàn. Wọ́n gé ọmú náà, oògùn tẹ̀lé e, irun rẹ̀ re tán. Ó ti hù padà báyìí, ó funfun ju tèmi lọ. Bó bá fẹ́ jáde, á ká aṣọ sí apá òsì bùbá rẹ̀, á bi mí bóyá ó dọ́gba. Mo máa ń ní kò dọ́gba, kó lè dúró síwájú mi díẹ̀ sí i. Mo gbọ́ pé wọ́n ṣì ń dán ẹ̀rọ oníró yẹn wò. Ì bá wù mí kó dé fún àwọn ọmọ ọmọ wa obìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdúrà mi ni kí wọ́n má nílò rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí mo ti parọ́. Dókítà kankan ò kúnlẹ̀ fún mi. Ọ̀bẹ àti oògùn ló wò ó sàn. Ẹ̀rín yẹn àti àwàdà inú rẹ̀, èmi ni mo fi kún un. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó jókòó sáàárín ẹ̀rọ mẹ́rin náà lóòótọ́, ó wo ojú mi, ó sì rí i bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí tó. Ló bá dìde, ó ń ká wáyà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ lọ wọ bàtà yín," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ."