Ẹ Jẹ́ Kó Wọ Ṣòkòtò Rẹ̀ Fúnra Rẹ̀

Ẹni bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọkọ, kó lọ bi Ṣàkírát ní Igando. Láti ìgbà tí ẹ̀yìn ríro ti dá Tàjùdíìnì ọkọ rẹ̀, bíríkìlà, dúró sílé, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń wọ ṣòkòtò fún un, kódà òun ló ń gbé ife omi sí i lẹ́nu. Àdúgbò ń yìn ín, ó sì ń dùn mọ́ ọn. Ta ni ò fẹ́ oríyìn?

Nígbà tí iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ọkọ rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Matilda, obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní eré ìdárayá ní ọsibítù, bẹ̀rẹ̀ sí í bi Tàjùdíìnì ní ìbéèrè.

"Bàbá, ta ló ń wẹ̀ yín?"

"Èmi ni," Ṣàkírát ló dáhùn.

"Ta ló ń gbé yín dìde?"

"Èmi náà ni!"

Matilda gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ ṣeun, mà. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá ṣì lè ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é. Ẹni tó ń ṣe nǹkan fúnra rẹ̀ kó tó ṣe iṣẹ́ abẹ, òun ló sábà máa ń tètè dìde."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ṣàkírát dé eegun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á kí ọkọ òun má lọ dẹni tí ò lè rìn mọ́. Láti ọjọ́ kejì, ó káwọ́ gbera. Ogún ìṣẹ́jú ni Tàjùdíìnì fi ń wọ ṣòkòtò, tó ń làágùn, tó ń bú ṣòkòtò. Bẹ́ẹ̀ ni Zulaihat, ẹ̀gbọ́n Tàjùdíìnì, ṣe wọlé bá wọn.

"Ìyàwó wa, ò ń wò ó níran? Ìkà wo lèyí, jàre?"

"Ẹ má bínú, mà. Ọsibítù ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀."

Zulaihat ò gbà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn tó ń yin Ṣàkírát ti ń pè é ní ọ̀dájú. Ó ń sunkún ní kọ̀rọ̀, kò sì yí padà.

Ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Matilda ní kí Tàjùdíìnì dìde. Zulaihat sáré nawọ́ sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi mí sílẹ̀ ná."

Ó rọra fẹ̀gbẹ́ yí, ó fọwọ́ ti bẹ́ẹ̀dì, ó dìde. Ó di irin tí wọ́n fi ń rìn mú, ó wọ ilé ìyàgbẹ́, ó ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ kan náà, tí ò tíì tó o lọ́jọ́ orí, ṣì ń pe ìyàwó rẹ̀ kó wá yí òun sápá kejì.

Ṣàkírát bú sẹ́kún. Zulaihat rò pé ẹkún ayọ̀ ni. Ìyàwó ọkùnrin yẹn ni Ṣàkírát ń wò, bó ṣe ń fi ìfẹ́ gbé omi sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. Díẹ̀ ló kù kóun náà fi ìtọ́jú sọ ọkọ òun di arọ.