Àwọn Ìgalà Ìrì Igbó Ìjan

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ já, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé eku ti gbé e lọ, oko wa ní Ìjan ló parí síbi tí igbó ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọgbà kankan láàárín wọn. Bí ẹ bá dúró lórí ebè tó kángun, gìgísẹ̀ yín wà lóko bàbá mi, ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín ti wọ inú igbó. Inú igbó yẹn ni àwọn tí à ń pè ní ìgalà ìrì ń gbé. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo ṣe iṣẹ́ tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì, Òkè-Ìlá l'Adó níhìn-ín ni mò ń gbé, mi ò pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, orí mi sì pé. Ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ.

Ìgalà ìrì ga ju ẹtu lọ dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, awọ rẹ̀ pọ́n bí epo tuntun, àmì funfun wẹ́wẹ́ sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Bí inú rẹ̀ bá dùn, àwọn àmì yẹn á máa tàn yinrin, àní lọ́sàn-án gangan. Ṣùgbọ́n ohun tó fún un lórúkọ ni ìrì. Nínú ọyẹ́, nígbà tí ètè gbogbo wa bá ti là, tí ilẹ̀ ti sán, ìrì á máa sẹ̀ lára rẹ̀ bí ẹni pé òwúrọ̀ kì í kúrò lára rẹ̀. Ibi tó bá sùn sí, koríko ibẹ̀ kì í kú. Àwa ọmọdé máa ń wá ibùsùn wọn kiri láàárọ̀, ká lè fi ìrì náà ra ètè wa.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló kọ́ mi ní ìwà wọn. Òun ló máa ń mú mi jókòó sí etí oko tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, tí á máa fi ẹnu júwe wọn fún mi. Ó ní a kì í na ìka sí wọn, nítorí pé àgbà wà láàárín wọn. Obìnrin ló ń ṣe olórí wọn, èyí tó dàgbà jù, òun là ń pè ní ìyá wọn. Bí wọ́n bá dé odò, kò sẹ́ni tó máa fẹnu kan omi títí òun á fi tọ́ ọ wò. Bó bá ti rí i pé omi náà dára, á fà sẹ́yìn, àwọn ọmọ á mu, àwọn abiyamọ á mu, àwọn akọ á mu, òun á wá mu gbẹ̀yìn. Ìyá àgbà á ní, "Ṣé o rí i? Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àwọn wọ̀nyí mọ̀ ọ́n láìsí ẹni tó pa á lówe fún wọn."

Akọ wọn ní ìwo, ṣùgbọ́n wọn kì í fi kan ara wọn. Bí méjì bá ń bínú síra, ìyá wọn á tì wọ́n dúró, èjìká kan èjìká, títí èémí wọn á fi máa lọ, tí á máa bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti rí méjì tó dúró bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a jẹun ọ̀sán títí a fi di ẹrù ilé. Wọn kò sì lè purọ́. Ọmọ wọn kan wà tó fẹ́ràn ewé ilá. Lọ́jọ́ kan, ó ń tiro, ó ń ṣe ojú àánú, kí ìyá rẹ̀ lè bá a já ewé wá. Lójú ẹsẹ̀, àmì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣú bíi fìtílà tí epo tán nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó tán, ó kọjú sápá ibòmíràn. Ni ọmọ náà bá fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn geere lọ sídìí ilá. Èmi àti ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Wọ́n gbọ́ èdè. Mi ò ní wọ́n ń sọ ọ́ o. Bí o bá kí wọn, wọ́n á tẹ orúnkún iwájú ba díẹ̀. Bí o bá bi wọ́n ní nǹkan, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á fi pátákò kan ilẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á dákẹ́. Ìyá àgbà a sì máa yangàn pé ohùn Ìjan nìkan ni wọ́n gbọ́, pé bí o bá sọ ti Ọ̀yọ́ sí wọn, wọ́n á kàn máa wò ọ́ bí ẹni ń wo òjò ni.

Ìyá mi ní tirẹ̀ kò gba tiwọn. Ọmọ ìlú Ìyìn ni, ilé onígbàgbọ́ tó le ló ti wá, ó sì máa ń sọ pé, "Ẹranko tó ń gbọ́ èdè èèyàn, kí ló tún kù tí kò ní í ṣe?" Bó bá ti rí wọn létí oko, á yà bàrá, á gba ọ̀nà mìíràn. Ìyá àgbà kì í bá a jà. Á kàn ní, "Ìyàwó wa, ọjọ́ á dé."

Ọjọ́ náà dé nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan tí ẹran ìgbẹ́ wọ́n gan-an. Àwọn ọdẹ ìlú ṣèpàdé, wọ́n ní àwọn yóò dáná sun igbó kí ẹran lè sá jáde. Ìyá àgbà ránṣẹ́ sí olórí ọdẹ, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má ti iná bọ igbó tó kángun sóko wa. Olórí ọdẹ yìí ga, ó síngbọnlẹ̀, bó bá sọ̀rọ̀ nílé rẹ̀, à ń gbọ́ ọ nílé wa. Èsì tó rán padà ni pé ẹran ni ẹran ń jẹ́, pé bí ìgalà bá gbọ́ èdè, ìyẹn ò ní kó má dùn nínú ọbẹ̀.

Kò sọ ọjọ́ tí wọn yóò dáná fún wa. Bàbá mi ti lọ sí Adó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èmi àti ìyá mi lọ wa ẹ̀gẹ́ lóko, ó pọn àbúrò mi sẹ́yìn. A ti wa ẹ̀gẹ́ díẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ yí padà lójijì. Mo gbóòórùn èéfín. Ìyá mi gbójú sókè, ó kígbe, "Uná! Uná!" Bí wọ́n ṣe ń pe iná nílùú wa nìyẹn, igbe yẹn ṣì ń dún létí mi títí di òní.

Iná tí àwọn ọdẹ dá sí òdìkejì igbó ni afẹ́fẹ́ gbé wá bá wa. Ó ti gba ọ̀nà ilé mọ́ wa lọ́wọ́ ká tó mọ̀. Ìyá mi fà mí lọ sápá ọ̀tún, koríko ibẹ̀ ti ń jó. A sáré sósì, èéfín dá wa padà. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Jésù, ọmọ méjì ló wà lọ́wọ́ mi o. Ọmọ méjì."

Ìgbà náà ni wọ́n jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: wọ́n lè sá gba odò lọ. Ọ̀nà odò ṣì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ tó ń fò bíi tiwọn. Wọn kò gba ibẹ̀. Wọ́n kó ọmọ wọn, wọ́n sáré gba inú èéfín wá bá wa. Ìyá wọn dúró níwájú ìyá mi, ó tẹ orúnkún ba, ó kí i.

Ìyá mi fi ohùn Ìyìn bi í pé, "Ṣé kí n máa tẹ̀ lé yín ni?"

Ìgalà náà dákẹ́.

"Ṣé kí n dúró ni?"

Pátákò kan ilẹ̀, gbì!

Mo wo ojú ìyá mi. Obìnrin tó máa ń yà fún wọn lọ́nà, iná ń bọ̀ níwájú, iná ń bọ̀ lẹ́yìn, ó fà mí mọ́ra, ó sì jókòó sílẹ̀. Mi ò tíì rí ìgboyà tó ju ìyẹn lọ látìgbà tí mo ti dáyé.

Wọ́n yí wa ká bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ sùn, ọmọ wọn láàárín, àwa náà láàárín, àwọn àgbà kọ orí síta. Ìrì bá bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ lára wọn, kò dà bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó ń ṣàn wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí omi tó ń kán lára òrùlé, ó rin ilẹ̀, ó rin aṣọ wa, ó rin orí àbúrò mi tó ń ké. Iná dé, ó ń hó ṣàà yí wa ká, gbogbo ayé di èéfín àti ooru. Ọmọ ìgalà kan ti imú tútù bọ abẹ́ apá mi, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì, tèmi náà ń lù. Kò sí èyí tó yẹsẹ̀ nínú àwọn àgbà. Iná wá àyè títí, kò rí, ó sì kọjá lọ.

Ẹ̀yìn iná ni àwọn ọdẹ ń tọ̀ bọ̀. Olórí ọdẹ ló ṣáájú. Nínú èéfín, kò rí wa, ìgalà ìrì tó ṣù jọ síbi kan náà ló rí. Ó gbé ìbọn sójú. Àwọn ìgalà rí i, síbẹ̀ wọn kò sá, torí pé ọmọ wà láàárín.

Ìyá mi bá dìde. Ó gba àárín wọn kọjá, ó lọ dúró níwájú wọn, eérú lójú, àbúrò mi lẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ yìn ín! Ìyìn ni wọ́n ti bí mi, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjan ni mo pọ̀n yìí. Ẹ̀yin lẹ dá iná tó fẹ́ jó o. Àwọn tí ẹ fẹ́ pa ni ò jẹ́ kó jó o. Ẹ yìn ín, ká mọ ẹni tó jẹ́ ẹranko nínú wa!"

Ìbọn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èmi náà ti yọ orí láàárín àwọn ọmọ ìgalà. Olórí ọdẹ wò mí, ó wo ìyá mi, ó sì ṣí fìlà. Ọkùnrin tí kì í tẹríba fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ọba dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eérú gbígbóná. Ohùn rẹ̀ kò dún sókè mọ́. Ó kọjú sí ìyá àwọn ìgalà, ó ní, "Ìyá, ẹ forí jì wá. Ṣé ẹ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa?"

Ìyá àwọn ìgalà dákẹ́. Ó dákẹ́ débi tí àwọn ọdẹ tó kù fi gbé ìbọn wọn sílẹ̀, tí àwọn náà dọ̀bálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló wá gbé ẹsẹ̀ sókè, ó fi kan ilẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nígbà tó fẹ́ rìn la rí i pé iná ti jó o lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí apá ibi tí iná ti le jù ló dúró sí. Ìyá mi ló tọ́jú rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń gbé àdí àti oyin lọ sí etí igbó, á kúnlẹ̀ tì í, á máa fi ìyẹ́ adìyẹ kùn ún, á sì máa fi ohùn Ìyìn bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọgbẹ́ náà jinná. Àmì funfun kò hù síbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn láti máa fi orí ra ibẹ̀. Ìlú fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná sí igbó yẹn mọ́, olórí ọdẹ fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣọ́ ọ títí ó fi kú.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Láti Adó dé Ìjan, ilé ló kù tí ẹ ó máa rí, ọ̀dà wà lójú títì, ìgalà ìrì sì ti wọ inú jìnnà. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi ojú kàn wọ́n. Ìgbà mìíràn tí mo bá ń sọ ọ́, àwọn ọmọ-ọmọ mi á gbé fóònù wọn, wọ́n á ní, "Mama, fọ́tò wọn dà?" A ò ní fọ́tò. Ohun tí a ní ni igbó náà fúnra rẹ̀, nítorí ìpín ìdílé wa ni. Àwọn tó ń gé ilẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì ti wá, wọ́n tún wá. Àwọn ọmọ mi tó wà l'Ékòó kọ́kọ́ bínú sí mi pé kí ni mò ń fi igbó ṣe. Mo kó gbogbo wọn lọ síbẹ̀ nínú ọyẹ́ tó kọjá, nígbà tí gbogbo oko àyíká ti pọ́n bí irin tó dípẹtà. Àkọ́bí mi ọkùnrin, tó jẹ́ lọ́yà, ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí igi kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa koríko tútù tó hù síbẹ̀, ó sì wo ọwọ́ rẹ̀ tó rin fún ìrì títí. Nígbà tí a padà dé Adó, òun ló pe àwọn onípulọ́ọ̀tì, ó ní kí wọ́n má wá mọ́.