Ọjọ́ Tí Sójà Fọ Ṣéènì Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ìlú Bouaké wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́tẹ̀ tó ń bá ìjọba jà, òwúrọ̀ Jímọ̀ ni a máa ń tọ́jú kẹ̀kẹ́ nílé wa ní àdúgbò Koko. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń gun alùpùpù, tí ẹ kì í bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ àfi ìgbà tó bá kú sí yín lẹ́sẹ̀ lójú títì, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́.

Báńkì ti tì nígbà náà, epo mọ́tò sì wọ́n bí ojú. Kẹ̀kẹ́ yẹn ni bàbá mi fi ń kó abọ́ tánganran lọ tà ní àwọn abúlé ọ̀nà Sakassou. Ọjọ́ tí kò bá jáde, a kò ní dáná oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kí bàbá tó lọ ṣe àlùwàlá ìrun Jímọ̀, yóò ti dojú kẹ̀kẹ́ dé lórí àpò ìrẹsì, ìjókòó nísàlẹ̀, táyà lókè. Èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin á mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó wá. Kẹrosíìnì la fi ń fọ ṣéènì, a ó fi àkísà nù ún gbẹ, ká tó wá máa kán epo sí i, oríkèé kan, ẹ̀kán kan. Bí mo bá fi ìkánjú da epo lé e, bàbá á ní ṣéènì tí wọ́n bu epo lé bí ọbẹ̀, iyanrìn ni yóò fi jẹ. Gíríìsì kò sí lọ́jà, òrí ìyá mi la ń fi sí àárín táyà. Lẹ́yìn náà, màá fi ìka ta àwọn sípóòkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá rọ̀, ó ti tú nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀kan nínú àwọn sójà ọlọ́tẹ̀ tó ń dá èèyàn dúró lọ́nà Sakassou gba kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ bàbá mi, ó ní ogun nílò rẹ̀. Ó da ẹrù orí rẹ̀ sílẹ̀, ara abọ́ mẹ́ta bó. Bàbá fẹsẹ̀ rìn wálé, ó ní ká fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Àwọn àgbà wa ní àdúgbò náà sọ pé Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa tí ìran wa ti òkèèrè wá, àlejò ni, àlejò kì í sì í bá onílé jà. Èmi kò gbà. Ta ni àlejò? Koko ni wọ́n bí mi sí.

Ilé ìwé ti tì, ìwé àkọsílẹ̀ mi ṣófo. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí sójà yẹn lórí kẹ̀kẹ́ wa, mo máa ń kọ ohun tó ṣe sí i sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé ìwé náà lọ bá kọmándà tó ń pàṣẹ fún àwọn sójà ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa. Bàbá mi ń tẹ̀ lé mi, ó ń fà mí ní ìborùn, ó ń bẹ̀ mí.

Sójà tó gba kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ wa sì fara ti ògiri. Kọmándà fi èdè Dioula sọ fún mi pé ogun ló gbà á, kí n máa lọ.

Mo ní, "Bí ogun bá gbà á, kí ogun tọ́jú rẹ̀."

Mo bá ṣí ìwé. Mo kà á pé ìta ni kẹ̀kẹ́ náà ń sùn, òjò ti pa á ní ìgbà mẹ́rin. Pé wọn kò kán epo sí ṣéènì rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á. Pé èèyàn mẹ́ta ló ń gùn ún pọ̀, sípóòkì méjì sì ti ṣẹ́ lẹ́yìn. Pé búrèkì apá ọ̀tún ti jẹ tán, ó ń fi irin ha irin. Sójà mìíràn bú sẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá kẹ̀kẹ́ ni àbí ìyàwó ilé tí wọ́n ń fìyà jẹ. Kọmándà kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè, ó yí táyà. Táyà ń ké bí ọlọ gbígbẹ. Ó yíjú sí sójà tó gba kẹ̀kẹ́, ó ní:

"Ṣé báyìí lo ṣe ń tọ́jú ìbọn rẹ? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi àti ìwọ la ó jọ kú lójú ogun. Gbé e lọ sí ilé wọn, kí o tún un ṣe bí o ṣe gbà á. Ọmọ yìí ló máa sọ pé ó ti dáa."

Ẹ̀yin ọmọ, mo rí i! Sójà tó ń gba ẹrù lọ́wọ́ gbogbo ayé lóṣòó nínú ọgbà wa, tòun ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, lẹ́yìn tó ti fi owó ara rẹ̀ ra sípóòkì méjì. Àdúgbò kún ẹnu ọ̀nà. Ìyá Dioula kan tó bá wa pààlà ní tó bá ṣetán kó yà lọ́dọ̀ òun, ìkòkò òun náà dúdú. Sójà bu epo lé ṣéènì gbùú. Mo ní kó nù ún kúrò, kó tún un fọ̀, kó máa kán an.

Bàbá mi rọra sọ pé, "Ó tó báyìí, ọmọ mi."

"Kò tíì tó, Bàbá. Búrèkì kù."

Kí wọ́n tó pe ìrun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí mọ́sálásí, kò dún pín-ín. Àwọn àgbà tó pè wá ní àlejò ló kọ́kọ́ yà fún un lọ́nà.

Ogun ti parí. Mo ti ka ìwé débi tó dé, ọ́fíìsì ti ṣí, fọ́ọ̀mù ìfẹ̀sùnkàn wà níbi gbogbo, ẹ̀yin kì í sì í kọ ọ́. Bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, ẹ ó mí kanlẹ̀, ẹ ó ní kí la fẹ́ ṣe, ẹ ó sì ra òmíràn. Àwa kò ní ìbọn, a kò ní ẹnì kan nínú ìjọba. A kàn mọ nǹkan wa débi pé a lè ka ìbàjẹ́ rẹ̀ sójú ẹni tó bà á jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ohun tó wà lábẹ́ alùpùpù yín, bí wọ́n bá gbà á lọ́la, kí lẹ fẹ́ kà?