Kásẹ́ẹ̀tì Tí Mo Sùn Lé

Tí òórùn ike tó ń gbóná bá ti kàn mí nímú báyìí, ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ní Ìgàndó, màmá mi máa ń ra kásẹ́ẹ̀tì fíìmù kan ṣoṣo, á wá dà á kọ sí ogún fún àwọn oníbàárà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a gbọ́ pé àwọn tó ń mú àwọn tó ń ta ayédèrú fíìmù ti wọ àdúgbò. Màmá mi sáré tẹ́ àwọn kásẹ́ẹ̀tì tó ṣì ń gbóná sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́ aṣọ lé wọn, ó ní kí n sùn lé e.

"Ara ẹ ò yá o. Má mira!"

Ọkùnrin méjì wọlé, wọ́n tú gbogbo ilé. Igun kásẹ́ẹ̀tì ń gún mi, òógùn bò mí. Èyí tó ga nínú wọn gbọ́wọ́ lé iwájú orí mi.

"Ara ọmọ yìí gbóná o, mà! Ẹ tètè wá oògùn ibà fún un jàre."

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé ọkùnrin gíga yẹn ló ni fíìmù tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tí mo sùn lé, pé àwọn màkẹ́tà ńlá tó ń pín fíìmù fún ọjà kọ̀ ọ́, òun fúnra ẹ̀ ló ń gbé e kiri ṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró ṣàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín. Màmá mi ò lè ṣe é.